Ọ̀pá, eré ìmárale, bàtà tàbí àtúnṣe ilé: èwo ló yẹ kó ṣíwájú kí àgbàlagbà má bàa máa ṣubú?

Bí àgbàlagbà bá ṣubú nínú ilé, ohun méjì ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń yára ṣe. Wọ́n á wá ọ̀pá fún un, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké "ẹ rọra o, ẹ jókòó, a máa bá yín gbé e" ní gbogbo ìgbà tó bá ti fẹ́ gbẹ́sẹ̀. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n tí "ẹ jókòó" bá ti pọ̀ jù, ó máa ń dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ìṣubú ń bà kì í fẹ́ rìn mọ́. Tí kò bá sì rìn, iṣan itan rẹ̀ á máa jò, orúnkún rẹ̀ á máa gan, ọjọ́ tó bá wá di dandan kó dìde, ẹsẹ̀ ò ní lè gbé ara. Ohun tí a fi ń dáàbò bò ó ló wá ń gbé e ṣubú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní nǹkan bí 684,000 èèyàn ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àwọn tó ti lé ní 60 ọdún ló sì ń bá lọ jù. Ẹni tó bá ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ewu pé yóò tún ṣubú ti di ìlọ́po méjì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbà kì í sọ fún dókítà pé àwọn ṣubú, torí wọn ò fẹ́ kí àwọn ọmọ gba òmìnira lọ́wọ́ wọn.

Mo máa sọ ibi tí mo dúró sí látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lagbára yín ká, ẹ mú eré ìmárale tó ń kọ́ ara bí yóò ṣe dúró lórí ẹsẹ̀. Àtúnṣe ilé ló tẹ̀ lé e, ọ̀pá àti bàtà wá bọ́ sẹ́yìn wọn. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé oògùn tí wọ́n ń lò tàbí ojú wọn gan-an ló ń gbé wọn ṣubú, irú wọn ò lè fi eré ìmárale nìkan bọ́ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí.

Kí ló ń gbé e ṣubú gan-an?

Ẹ má bi í pé "ṣé ẹ ò ríran ni?" Ìtìjú ni ìbéèrè yẹn máa ń dá sílẹ̀, kò sì ní jẹ́ kó sọ òótọ́. Ẹ béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀: Kí lẹ ń ṣe lọ́wọ́? Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ibùsùn ni? Ṣé òòyì kọ́ yín? Ṣé ẹsẹ̀ kọ nǹkan, àbí orúnkún ló kàn yẹ̀? Ṣé òru ni?

Ìdáhùn rẹ̀ ló máa darí yín. Tí òòyì bá ń kọ́ ọ nígbàkígbà tó bá dìde, ọ̀rọ̀ oògùn àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Tí orúnkún bá ń yẹ̀, ẹsẹ̀ ti rọ, eré ìmárale ló kàn. Tó bá jẹ́ pé nínú balùwẹ̀ ló ti ń yọ̀, tàbí pé òru ló máa ń kọsẹ̀, ẹ yẹ ilé àti ojú rẹ̀ wò. Ẹni tó bá sì dákú, tàbí tí kò mọ bó ṣe dé ilẹ̀, kó lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀pá rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Àwọn físíò, ìyẹn àwọn oníṣègùn tó ń fi eré ìmárale tọ́jú iṣan àti eegun, ní àyẹ̀wò tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nílé, tí ẹlòmíì bá ṣáà ti dúró tì í pẹ́kípẹ́kí. Ẹ gbé àga tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, tí kò sì ní táyà, ti ògiri. Kó jókòó sí àárín àga, kó ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà, kó wá máa dìde tán pátápátá kó sì máa jókòó padà fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ máa ka iye ìgbà tó bá dìde. Láàárín ẹni ọdún 70 sí 74, ọkùnrin tí kò ṣe tó 12 tàbí obìnrin tí kò ṣe tó 10, ewu ìṣubú ń bẹ lórí rẹ̀. Láàárín ẹni 80 sí 84, ó jẹ́ 10 fún ọkùnrin, 9 fún obìnrin. Tó bá jẹ́ pé ó ní láti fọwọ́ ti ara rẹ̀ kó tó lè dìde, òdo lẹ máa kọ sílẹ̀. Ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa bó ṣe ń ṣe é. Tí ẹsẹ̀ bá ti ń rẹ̀, ẹ máa rí i tí ọwọ́ á yọ́ kúrò láyà, tí á sọ̀ kalẹ̀ sórí itan láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀.

Èkejì ni kó fi ẹsẹ̀ kan ṣíwájú èkejì gẹ́lẹ́, kí gìgísẹ̀ ti iwájú kan ọmọ ìka ti ẹ̀yìn, kó sì dúró bẹ́ẹ̀ láìdi nǹkan mú. Ẹni tí kò lè dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 10 ti wà nínú ewu. Ẹ̀kẹta: kó dìde lórí àga, kó rìn mítà mẹ́ta, kó yípo, kó padà wá jókòó. Tó bá gbà á tó ìṣẹ́jú àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kí físíò rí i.

Eré ìmárale: èwo nínú wọn?

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí ibí ni èrè ti pọ̀ jù, ibí náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe ohun tí kò ní ran wọ́n lọ́wọ́.

Ní 2019, àwọn olùwádìí Cochrane, àjọ tó máa ń kó ìwádìí ìlera jọ láti gbé wọn yẹ̀ wò, kó ìwádìí 108 jọ, èyí tí èèyàn tó lé ní 23,000 kópa nínú wọn. Wọ́n rí i pé lápapọ̀, eré ìmárale ń dín iye ìṣubú kù ní ìdá 23 nínú 100. Àmọ́ oríṣi kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe rí. Èyí tó pa ìdúró àti agbára ẹsẹ̀ pọ̀ dín in kù ní ìdá 34. Èyí tó dojú kọ ìdúró àti àwọn nǹkan tí à ń ṣe lójoojúmọ́, bíi dídìde lórí àga àti gígun àtẹ̀gùn, dín in kù ní ìdá 24. Tai Chi, eré ìmárale kan tí mo máa ṣàlàyé níwájú, dín in kù ní ìdá 19. Ní ti ìrìn nìkan, wọn ò rí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń dín ìṣubú kù.

Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu tí wọ́n bá gbọ́ ti ìrìn yìí. Ìrìn dára fún ọkàn, ó dára fún oorun àti fún inú dídùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á tì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ohun tí ara rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló ń ṣe. Kò sí ìgbà tó ń fi ẹsẹ̀ kan dúró pẹ́, kò sí ìgbà tó ń nawọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò rìn sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí èèyàn bá yípo lójijì tàbí tó fẹ́ gbé nǹkan nílẹ̀ ló máa ń ṣubú. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ gan-an kò gbọdọ̀ fi ìrìn kíákíá bẹ̀rẹ̀ rárá.

Tai Chi ti ilẹ̀ Ṣáínà wá. Jẹ́jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń ṣe é: wọ́n á gbé ìwúwo ara kúrò lórí ẹsẹ̀ kan lọ sórí èkejì, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ á máa lọ, ojú á máa bá ọwọ́ lọ. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018, mú 670 èèyàn tó ti pé 70 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ti ṣubú rí tàbí tí ìrìn wọn ti ń ní ìṣòro. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, àwọn tó ṣe irú Tai Chi tí wọ́n dìídì ṣètò fún ìdúró ara ṣubú ní ìdá 58 nínú 100 dín sí àwọn tó kàn ń na ara lásán. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tó ṣe àdàlù oríṣiríṣi eré ìmárale lọ, ní ìdá 31. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ṣì lè dá dúró láìdi nǹkan mú, tó sì fẹ́ràn kí òun wà láàárín èèyàn. Ó fẹ́ olùkọ́, ó sì fẹ́ sùúrù.

Otago, ètò eré ìmárale mìíràn, yàtọ̀ sí i. Yunifásítì Otago ní New Zealand ni wọ́n ti ṣètò rẹ̀, ìwádìí wọn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997 sì jẹ́ lórí àwọn obìnrin tó ti pé 80 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Físíò tàbí nọ́ọ̀sì tó ti kọ́ ọ ló máa wá sílé, á yan èyí tí agbára onítọ̀hún ká, á sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á so ìwọ̀n kékeré mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n á máa gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n á dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, wọ́n á rìn sẹ́yìn, wọ́n á rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, wọ́n á wá fi ìrìn kún un. Nígbà tí wọ́n pa àwọn ìwádìí wọn mẹ́rin pọ̀, ìṣubú ti wálẹ̀ ní ìdá 35 nínú 100. Fún ẹni tó ti lé ní 80, tí kò lè jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ nǹkan, tàbí tó ti ṣubú tẹ́lẹ̀, Otago ni mo máa mú ṣáájú Tai Chi láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn àgbà kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti pe orúkọ eré ìmárale, ọ̀rọ̀ parí. Fún irú wọn, àwọn ará Ọsirélíà ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní LiFE, tó wọnú iṣẹ́ ojoojúmọ́. Èèyàn á máa fi ẹsẹ̀ kan dúró nígbà tó bá ń fọ eyín, á tẹ orúnkún dípò kó tẹ ẹ̀yìn tó bá ń mú nǹkan nílẹ̀, á fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka rìn lọ sí yàrá. Ìwádìí wọn ní 2012 fi hàn pé ó dín ìṣubú kù ní ìdá 31. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ó rọrùn láti gbàgbé, torí náà kí ẹlòmíì nínú ilé máa bá a ṣe é.

Ijó ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó jó tó bá wù ú, ẹ̀rí rẹ̀ lórí ìṣubú ni kò tíì lágbára. Ní ti eré ìmárale orí ìjókòó, ẹni tí kò lè dúró rárá ló wà fún. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí àgbà tó lè dúró dáadáa tí wọ́n ń fi orí àga nìkan ṣe ìdárayá fún. Kò sí bí ìjókòó ṣe lè kọ́ èèyàn ní ìdúró.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, kókó rẹ̀ rèé: ara gbọ́dọ̀ mì díẹ̀. Kó dúró sí ìkángun ògiri méjì, tàbí kó kọjú sí tábìlì tó wúwo. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kó fi ọwọ́ méjèèjì di tábìlì mú kó tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Tí ìyẹn bá ti rọrùn, ọwọ́ kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ìka méjì péré. Lẹ́yìn náà, kí ọwọ́ kàn wà lókè tábìlì láìfara kàn án. Tí ọrùn ẹsẹ̀ bá ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bó ṣe dúró, ara ń kẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, ẹ má sáré dì í mú. Tí kò bá gbọ̀n rárá, ó ti rọrùn jù fún un. Àwọn tó ń ṣe irú èyí tó fẹ́ agbára ìdúró tó wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń rí èrè rẹ̀ jù, tí wọ́n bá sì dáwọ́ dúró, èrè náà á máa lọ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀pá tàbí wọ́kà (irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí à ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú rìn)?

| | Ọ̀pá | Wọ́kà tí kò ní táyà | Wọ́kà onítáyà mẹ́rin |
|---|---|---|---|
| Ẹni tó bá mu | Ẹni tí ẹsẹ̀ kan ń dùn tàbí tó rọ díẹ̀ | Ẹni tó fẹ́ gbára lé nǹkan gan-an | Ẹni tó lè rìn àmọ́ tó ń tètè rẹ̀ |
| Ibi tó dára sí | Inú ilé, àtẹ̀gùn, ìta | Inú ilé, ilẹ̀ títẹ́jú | Ìta, ọ̀nà tó tẹ́jú |
| Ìṣòro rẹ̀ | Kò lè gbé ìwúwo ara púpọ̀ | Ó ń falẹ̀, gbígbé e sókè le | Ó lè sá lọ lọ́wọ́ ẹni tó bá rọ̀ mọ́ ọn |

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lórí ọ̀pá ni gíga rẹ̀. Ọ̀pá tí ẹnìkan jogún lọ́wọ́ ẹlòmíì kì í sábà bá a mu. Kó wọ bàtà tó máa ń wọ̀, kó dúró tààrà, kí apá rẹ̀ sọ̀ sílẹ̀. Orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ìlà ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Tó bá wá dì í mú, ìgúnpá á tẹ̀ díẹ̀. Ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn ni yóò fi mú un: tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn, ọwọ́ òsì. Ọ̀pọ̀ ń ṣe é lódìkejì. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó le ni kó kọ́kọ́ gbé. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ tó rọ ni, pẹ̀lú ọ̀pá. Ẹ máa wo rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá ti jẹ, tó ti dán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti wọ́kà onítáyà mẹ́rin, bíréèkì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dán wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹni tí ìka ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára láti fún bíréèkì kò gbọdọ̀ gbà á, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Kò sì gbọdọ̀ jókòó sórí àga ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti ti bíréèkì méjèèjì pa.

Bàtà, ìbọ̀sẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ lásán

Èyí ò pẹ́. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan lórí ilẹ̀ dídán ló burú jù. Ẹsẹ̀ lásán náà kò dára fún ẹni tó ń ṣubú. Sílípáàsì tí kò di gìgísẹ̀ mú máa ń bọ́, ó sì ń mú kí èèyàn máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bàtà tó bo gìgísẹ̀, tó ṣeé dì, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le tí kò nípọn, tí kò ga, ni kó máa wọ̀, nínú ilé pàápàá. Ìsàlẹ̀ rírọ̀ tó nípọn ń tu ẹsẹ̀ lára, àmọ́ kì í jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ mọ irú ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀.

Inú ilé

Àkójọ ìwádìí Cochrane mìíràn, ti 2023, fi hàn pé mímú ohun tó lè gbéni ṣubú kúrò nínú ilé ń dín ìṣubú kù ní ìdá 26 nínú 100. Láàárín àwọn tí ewu wọn ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, ó dé ìdá 38. Ìyẹn ni pé ẹni tó ti ṣubú rí ló ń jèrè àtúnṣe ilé jù. Fún ẹni tó ṣì lágbára, tí kò ṣubú rí, ẹ má lọ tú gbogbo ilé ká nítorí rẹ̀.

Tí owó ò bá pọ̀, ẹ fi ṣe ohun méjì: irin ìdìmú nínú balùwẹ̀ àti nítòsí ibi ìgbọ̀nsẹ̀, àti iná láàárín ibùsùn àti balùwẹ̀. Irin tí wọ́n fi ń sá táwẹ́ẹ̀lì kì í ṣe irin ìdìmú o. Ọjọ́ tí èèyàn bá rọ̀ mọ́ ọn, ó lè fà yọ lára ògiri. Irin ìdìmú gidi ni kí wọ́n kàn mọ́ ògiri tó lè gbà á. Ní ti iná, kí ọwọ́ rẹ̀ kàn án kó tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀, kì í ṣe kó rìn nínú òkùnkùn lọ wá ibi tí wọ́n ti ń tàn án.

Èyí tó kù kì í náni lówó: ẹ ká róògì kéékèèké tó ń yọ̀ kúrò, ẹ ká wáyà lójú ọ̀nà, ẹ gbé ohun tó ń lò lójoojúmọ́ wá síbi tí kò ní gun nǹkan kó tó mú un. Kó wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe é. Àga tí wọ́n ṣí kúrò láìsọ fún un lè di ohun tó máa fẹsẹ̀ kọ.

Oògùn, ojú àti fítámì

Oògùn oorun, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, oògùn òtútù tó ń kunni lóorun, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti pọ̀ jù fún ara, gbogbo wọn lè múni ṣubú. Ìwádìí kékeré kan ní New Zealand ní 1999 dín oògùn oorun àti irú rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ lára àwọn tó ń lò ó, ìṣubú wọn sì wálẹ̀ ní ìdá 66 nínú 100. Kí ẹnikẹ́ni má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn inú ilé sínú àpò kan, títí kan èyí tẹ́ ẹ rà láìsí ìwé dókítà, ẹ gbé e lọ bá dókítà, kẹ́ ẹ sì béèrè èyí tó ṣeé dín kù. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá dìde. Tí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ ti rí ohun tó ń fa òòyì.

Ní ti ojú, ẹni tí kàtáráàtì (àrùn tó ń mú kí ẹyinjú ṣe bàìbàì) ń da ojú rẹ̀ rú kó má fi iṣẹ́ abẹ náà falẹ̀, torí ìṣubú máa ń dín kù lẹ́yìn ti ojú àkọ́kọ́. Jígí alápá méjì, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà fún ìwé kíkà, máa ń mú kí àtẹ̀gùn ṣe bàìbàì lójú ẹni tó bá wolẹ̀. Ẹni tó ń jáde déédéé máa jàǹfààní jígí ọ̀nà jíjìn nìkan fún ìta.

Fítámì D ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń rà ránṣẹ́ sílé. Fún ẹni tí ara rẹ̀ kò ṣaláìní in, kò dín ìṣubú kù, ìwádìí 2010 kan tó fún àwọn obìnrin ní ẹ̀kún rẹ́rẹ́ 500,000 yúníìtì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tilẹ̀ rí i pé ìṣubú wọn pọ̀ sí i. Ẹ fi owó yẹn san owó físíò.

Tó bá ṣubú síbẹ̀

Bọ́tìnnì ìpè tí wọ́n ń fi kọ́rùn dára fún ẹni tó ń dá gbé, tó bá jẹ́ pé kì í bọ́ ọ sílẹ̀ tó bá ń wẹ̀. Fóònù inú àpò náà wúlò. Síbẹ̀, èyí tí mo kà sí jù ni kó kọ́ bí yóò ṣe dìde nílẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá, tí físíò sì wà níbẹ̀: kó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó dìde sórí ọwọ́ àti orúnkún, kó rá lọ sídìí àga tó le, kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, kó gbé ẹsẹ̀ tó lágbára síwájú, kó ti ara rẹ̀ sókè, kó yí jókòó.

Tí ìbàdí bá ń dùn ún gan-an, tàbí tí ẹsẹ̀ kan bá kúrú ju èkejì lọ tó sì yí síta, ẹ má gbé e. Ẹ da nǹkan bò ó kí òtútù má mú un, kẹ́ ẹ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá sì forí gbá nǹkan, tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, ilé ìwòsàn lẹ máa gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kódà tí kò bá sí ọgbẹ́, tó sì ń sọ pé kò sí nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú agbárí fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí orí fífọ́, èébì tàbí oorun àsùnjù tó fi í hàn.